Kí Ni Àwòrán Yìí Wí fún Yín?

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jóṣúà 4:1-9, 2 Sámúẹ́lì 23:24-39, Máttéù 1:1-16



Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rékọjá odò Jọ́dánì, Olúwa pàṣẹ fún Jóṣúà pé kí ọkùnrin 12 gbé òkúta 12 láti àárín odò náà, kí wọn sì kó wọn lọ sí ibi tí wọn yóò sùn ní òru ọjọ́ náà. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ọlọ́run mọ̀ pé àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò dàgbà, wọn yóò rí òkúta wọnnì, wọn yóò sì bi àwọn bàbá wọn léèrè ohun tí ó jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe òkúta nìkan ni Ọlọ́run fi lé àwọn bàbá lọ́wọ́. Ó fi ìdáhùn lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Òkúta tí kò ní ẹni tí yóò sọ ìtàn rẹ̀, òkúta lásán ni.

A kò ní òkúta Jọ́dánì nínú ilé wa, ṣùgbọ́n a ní àwòrán. Ó wà lára ògiri pálọ̀ nínú férémù onídígí, tàbí ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá àgbà: àwòrán ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ológun, tí ó jẹ́ bàbá bàbá wa, tàbí bàbá ìyá wa, tàbí baba ńlá kan tí a kò bá láyé. Ẹlòmíràn nínú wọn lọ sí Kamẹrúùnù ní ọdún 1914. Ẹlòmíràn lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1916. Ẹlòmíràn lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Ogun Òyìnbó ni wọ́n lọ jà, ní ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀ rí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún ni ilẹ̀ Nàìjíríà ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó ti kú. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì; a yí i padà nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé wa parí. Ní àkókò ìrántí báyìí ni a máa ń nu eruku ara àwọn àwòrán wọ̀nyí. Ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa: bí ọmọ bá bi wá ní ìtumọ̀ wọn, kí ni a ó sọ?

Ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ tí a ń sìn ni ó mú wa gbé kálámù. Ìyá àgbà kan sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín ogún rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Wọn kò jà nítorí ilé, wọn kò jà nítorí ilẹ̀, wọn kò sì jà nítorí aṣọ òkè tí ó fi sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn ni àwòrán kan tí kò tóbi ju ìwé orin lọ. Bàbá ìyá náà ni ó wà nínú rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó dé fìlà sójà, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó sì fi aṣọ wé ojúgun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀ láìsí bàtà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí fún àwọn sójà ilẹ̀ wa ní ìgbà náà. Aṣọ tí a ya igi àti òdòdó sí ni a ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí ń wò ó.

Àkọ́bí wọn, tí ó jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ kí a gbé àwòrán náà sí iwájú ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ìrántí, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ọmọ akọni ni àwọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ó wà nílé ọkọ ní Abẹ́òkúta, ránṣẹ́ sí wa pé bí a bá gbé àwòrán náà wọ ilé Ọlọ́run, òun kò ní dé ibẹ̀ ní ọjọ́ náà, òun kò sì ní wọ ilé ẹ̀gbọ́n òun mọ́.

Kí ẹ lè mọ gbòǹgbò ọ̀ràn yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1916, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ ọkọ̀ òkun ní Èkó, wọ́n lọ bá àwọn Jámánì jà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tànsáníà lónìí. Ebi pa wọ́n gidigidi lẹ́bàá odò Rufiji ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1917. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣubú lójú ogun Mahiwa. Àwọn tí ó kù padà wá sílé ní ọdún 1918. Wọn kò tíì sinmi tán nígbà tí wàhálà dé sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìwé àdéhùn ọdún 1893 ti fi òmìnira àwọn Ẹ̀gbá múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba gba òmìnira náà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1914. A ń fi agbára mú ènìyàn ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1918, a gbé owó orí kalẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n dìde. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n sì pa Oṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Àwọn sójà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé wà lára àwọn tí ìjọba rán lọ tẹ̀ wọ́n rì. Ogun Àdùbí ni a ń pè é títí di òní. Àwọn Ẹ̀gbá tí ó kú nínú rẹ̀ tó 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá bàbá ọkọ obìnrin yìí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìdí tí àbúrò rẹ̀ fi kọ̀, inú bí i. Ó wí fún wa pé, “Olùkọ́, ta ni ó rí bàbá wa níbẹ̀? Ṣé gbogbo sójà ni ó lọ sí Ẹ̀gbá ni?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwòrán kò lè sọ ibi tí ẹni inú rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó kúrò níwájú ayàwòrán. A bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn méjèèjì wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwa pàápàá wo inú ara wa, a sì rí i pé ọwọ́ wa kò mọ́.

Àwòrán kan wà nínú ilé tí a bí wa sí. Bàbá bàbá wa ni, pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta mìíràn, nígbà ogun Bọ́mà. Lára apá aṣọ wọn ni àmì ẹgbẹ́ ogun wọn wà: ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn lórí òṣùká. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, a máa ń bi í pé, “Bàbá, àwọn wo nìyí?” Òun a sì dáhùn pé, “Ènìyàn ni wọ́n.” Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a dàgbà tó láti mọ bí a ti ń fi ìfarabalẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà, a ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọwọ́ wa sì dí. À ń sọ pé bí ìsinmi bá dé, a ó jókòó tì í. Ìsinmi dé, a kò jókòó. Ó sì lọ bá àwọn bàbá rẹ̀. Lónìí a ní ojú ọkùnrin mẹ́ta, a kò ní orúkọ ẹyọ kan. Ìyá kan ni ó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a kó ènìyàn jọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, wọn kò lórúkọ mọ́. A kò lè di ẹ̀bi èyí ru ẹnikẹ́ni. Àwa ni a jẹ̀bi. Ẹni tí ó kọsẹ̀ ni ó mọ ibi tí òkúta wà. Nítorí náà ni a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé yìí fún yín.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní wà nínú ìwé Gẹ́nẹ́sísì orí 9. Nóà mu ọtí yó, ó sì wà ní ìhòòhò nínú àgọ́ rẹ̀. Hámù rí i, ó jáde lọ sọ ọ́ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní òde. Ṣémù àti Jáfẹ́tì mú aṣọ, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn wọlé, wọ́n sì bo bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ sọ àléébù bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: báwo ni a ṣe gbọ́ pé Nóà mutí yó? Ṣebí Ìwé Mímọ́ ni ó sọ fún wa. Bí ó bá jẹ́ pé kí a rì í mọ́lẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́, a kì bá tí gbọ́ ọ rárá. Ẹ̀sín ni Ṣémù àti Jáfẹ́tì kọ̀. Wọn kò kọ òtítọ́. Ẹni tí ó fi àwòrán bàbá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, Hámù ni. Ẹni tí ó sì mọ̀ pé bàbá òun mutí, tí ó wá ń búra pé kò fi ẹnu kàn án rí, ẹni náà kì í ṣe Ṣémù. Òfin pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá wa. Òfin kan náà ni ó pàṣẹ pé kí a má ṣe jẹ́rìí èké. Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó fúnni ní àṣẹ méjèèjì, wọn kò sì ba ara wọn jà.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìwé kejì Sámúẹ́lì orí 23, níbi tí a gbé kọ orúkọ àwọn alágbára Dáfídì. Bí ẹ̀rọ ayàwòrán bá wà ní ìgbà náà, à bá rí gbogbo wọn ní ìlà, àwọn 37, pẹ̀lú idà àti asà wọn. Ta ni ẹni ìkẹyìn? Ùríà ará Hítì ni, ọkùnrin tí Dáfídì mú kí a pa lójú ogun nítorí aya rẹ̀. Ì bá rọrùn fún akọ̀wé láti dá kálámù dúró kí ó tó kàn án, kí ojú má bàa ti ọba. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Máttéù sì ń ka ìran Olúwa wa, tí ó kan Sólómọ́nì, kò dárúkọ Bátṣébà. Ó pè é ní ẹni tí ó ti jẹ́ aya Ùríà. Ùríà kì í ṣe baba ńlá Jésù, síbẹ̀ ó wà nínú àwòrán ìdílé Rẹ̀. A fi í síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ka orúkọ Dáfídì kí ó sì gbàgbé ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ sì tún kíyè sí èyí: a kò yọ Dáfídì kúrò. Orúkọ ẹni tí ó pa àti orúkọ ẹni tí a pa wà nínú ìwé kan náà, Ọmọ tí a sì bí ní ìpẹ̀kun ìwé náà ni Olùgbàlà àwọn méjèèjì. Bí ìdílé Jésù bá lè gba òtítọ́ mọ́ra, ìdílé ta ni yóò kú nítorí òtítọ́?

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti àwọn tí kò sí nínú àwòrán. Nínú orí kan náà, a kọ orúkọ Náháráì, ẹni tí ń ru ìhámọ́ra Jóábù. Nínú ìwé kìn-ín-ní Sámúẹ́lì orí 30, Dáfídì pàṣẹ pé ìpín ẹni tí ó dúró ti ẹrù yóò dọ́gba pẹ̀lú ìpín ẹni tí ó lọ sójú ìjà. Ẹ wo àwọn àwòrán wa. Ẹni tí ó mú ìbọn ni a rí. Ta ni ó gbé oúnjẹ rẹ̀? Ta ni ó gbé ọta ìbọn? Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, láàárín ọdún 1914 sí 1918, àwọn aláàárù tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju 40,000 lọ. Àìsàn àti ebi ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ kò ní ibojì tí a mọ̀, wọn kò sì dúró níwájú ayàwòrán rí. Ní Bọ́mà pẹ̀lú, ní àfonífojì Kaladan, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun wa, orí ènìyàn ni a sì fi ń rù ú la igbó àti òkè kọjá. Nítorí náà ni òṣùká fi wà nínú àmì apá aṣọ bàbá wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń wo ọ̀kọ̀ ibẹ̀, tí a kò wo òṣùká.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnìkan tí ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé ṣe àpẹẹrẹ. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn nínú ẹgbẹ́ ogun ní Bọ́mà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan kọlù wọ́n lẹ́bàá odò, ìbọn sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Sàró, ni ó ṣẹ́kù níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ìlú náà, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, gbé wọn pamọ́, wọ́n sì bọ́ wọn fún bí oṣù mẹ́sàn-án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ni èrè wọn bí àwọn ará Japan bá mọ̀. Shuyiman ni orúkọ ẹni tí ó gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀. Fadoyebo padà sílé, ó kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀ sínú ìwé, ó sì kú ní ọdún 2012. Ìtàn ará Samáríà nìyẹn, ará. Irú ẹni bíi Shuyiman kì í sí nínú àwòrán ológun. Bí Fadoyebo kò bá ti sọ ọ́, ta ni ì bá mọ̀ pé irú àánú bẹ́ẹ̀ wà nínú irú ogun bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dá, wọ́n sì jókòó jìnnà sí ara wọn. A bi obìnrin náà léèrè ohun tí ó mú un dá a lójú pé bàbá àgbà wọn wà nínú Ogun Àdùbí. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Nígbà àìsàn ìyá wa, èmi ni mo ń sùn tì wọ́n. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí bàbá wọn ń kú lọ, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń tún sọ: ‘Èdè wa ni wọ́n ń ké.’ Ìyá wa bi í pé, àwọn wo? Ó ní, ‘Àwọn ará Ẹ̀gbá. Nígbà tí a yìnbọn, èdè wa ni wọ́n fi ń ké.’” Ẹ̀gbọ́n wí pé, “Kí ló dé tí ìyá wa kò sọ fún mi?” Àbúrò dáhùn pé, “Wọ́n ní ẹ fẹ́ràn àwòrán náà jù, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. A ṣí Bíbélì sí orí kìn-ín-ní Máttéù, a kà á, a sì gbàdúrà. Ní Ọjọ́ Ìsinmi Ìrántí, a kò gbé àwòrán kankan sí iwájú ìjọ. A gbàdúrà fún àwọn ọmọ ogun, fún àwọn aláàárù, àti fún àwọn tí a kọjú ìbọn sí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ fi aṣọ wé férémù náà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àgbà ilé ọkọ àbúrò rẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ fún wọn. Wọ́n gba àwòrán náà, wọ́n ń wò ó láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìyá àgbà kan nínú ilé náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọdé ni.” Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n sì dá orúkọ ẹni tiwọn fún un. Orúkọ méjèèjì ni a kọ sórí ìwé tí ó wà lẹ́yìn àwòrán náà nísinsìnyí, pẹ̀lú ọdún 1918.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin olùkọ́ ní pàtàkì, kí ni kí a ṣe? Ẹ kọ́kọ́ béèrè nígbà tí ẹni tí yóò dáhùn ṣì wà. Àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn ọmọ wọn pàápàá ti di arúgbó. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì fi í sí ẹ̀yìn àwòrán. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwòrán náà gan-an, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kí ọwọ́ yín sì fúyẹ́. Ohun tí ẹ mọ̀, ẹ kọ ọ́. Ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò mọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe gbé àwòrán kọ́ sí ibi tí oòrùn ń pa tàbí tí òjò ń jò sí. Bí àmì ẹ̀yẹ onífàdákà ti ogun 1914 sí 1918 bá wà nínú àpótí, ẹ wo etí rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀; nọ́ńbà, orúkọ àti ẹgbẹ́ ogun ẹni náà ni a tẹ̀ síbẹ̀. Ìràwọ̀ Bọ́mà kò ní orúkọ lára. Ẹnu àgbà ni a ó ti gbọ́ ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ pe àwọn ọmọ jọ, ẹ sọ ọ́ fún wọn: ìgboyà àti ìyà, àánú àti ẹ̀bi, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

A kì í ṣe onídàájọ́ àwọn bàbá wa. Ẹni tí a fi owó orí àti ebi lé wọ iṣẹ́ ológun, tí a sì sọ fún pé kí ó yìnbọn, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ń sọ̀rọ̀ rere ju ti Ábẹ́lì lọ. Nínú rẹ̀ ni ìrètí ẹni tí ó yìnbọn àti ẹni tí ó ké wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kò sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì lórí ohun tí a sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Bí àwọn ọmọ yín bá béèrè pé kí ni àwòrán yìí, ẹ má ṣe dá wọn lóhùn bí bàbá wa ti dá wa lóhùn, ẹ má sì ṣe dúró de ìsinmi bí àwa ti ṣe.

Kí Olúwa, tí ó mọ orúkọ gbogbo àwọn tí a kò mọ̀ mọ́, fún wa ní ẹnu òtítọ́ àti ọkàn tútù. Kí Ó sì jẹ́ kí àwọn tí ogun pínyà pàdé ní ìjọba Rẹ̀ níbi tí a kì yóò kọ́ ogun jíjà mọ́, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.